Tíṣà Ìṣirò àti Onífíríìjì

Ẹni tó bá ní ìfẹ́ ọ̀dọ́ nìkan ló ń pa ènìyàn bí ọtí, ẹ má dá a lóhùn. Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé ti kọjá ọmọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa kó tó mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn máa fetí sílẹ̀ fún ìró ẹsẹ̀ ẹnìkan. Kì í ṣe pé ọkùnrin kò wá a wá. Wọ́n wá, wọ́n sì lọ. Tíṣà ìṣirò ni, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bí ọkùnrin bá sọ fún un pé òun kò rí oorun sùn nítorí rẹ̀, á bi í bóyá tíì ló mu jù. Ta ló fẹ́ dúró gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ọmọdé tí kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìwé.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Akọ̀wé kóòtù ni Bàbá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ó wá ku òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo nínú ilé tí àga rẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn inú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kì í já bọ́ lẹ́nu Bàbá. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, ó sì ti rí ẹni tí gbólóhùn kan péré sọ di ẹlẹ́wọ̀n, nítorí náà ó máa ń wọn ọ̀rọ̀ wò kó tó sọ ọ́ síta. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ á jókòó ti rédíò, wọn á bá oníròyìn jiyàn, wọn á sì bá ara wọn jiyàn títí tíì á fi tutù nínú ife. Ìgbádùn wọn nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé, Tíṣà máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n tún fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó ń kọ́ wọn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Dísíkíríìtì. Ìṣirò àwọn ohun tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan ni, bí ẹ̀wà nínú igbá, kì í ṣe bí omi nínú ìkòkò. Ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, ti bí èyí bá rí báyìí, kí ni yóò tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó lè di onímọ̀ kọ̀ǹpútà láìgba ibẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ ló sì ti ibẹ̀ padà sílé.

Ní Sátidé kan, ọkùnrin kan wọlé nígbà tí kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀, ó tọrọ gáfárà, ó sì lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ọ́ìlì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Onífíríìjì, orúkọ náà kò sì bí i nínú. Ó ní àwọn fíríìjì tuntun ti ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú, bó bá bàjẹ́ òun kàn ń yọ ọ́, òun ń fi òmíràn sí i bí ẹni pààrọ̀ bàtà, òun kò sì mọ ohun tó ń rò. Ó sú òun láti máa ṣe iṣẹ́ tí òun kò mọ inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, Tíṣà kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: bí òjò bá rọ̀, mo máa wọ bàtà òjò. Ó wá bi wọ́n pé bí òjò kò bá kán rárá, tí òun sì wọ bàtà òjò wá, ṣé òun purọ́? Gbogbo kíláàsì ní irọ́ ni. Onífíríìjì nìkan ló gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ ò purọ́, Tíṣà," ó ní. "Bí inú fíríìjì bá gbóná, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti dé ilé oníbàárà tí mọ́tò ń ké láìdákẹ́, tí gbogbo inú fíríìjì sì ti di yìnyín. Suíìṣì ló gan. Ẹni tó bá gbọ́ ìró mọ́tò, tó ní ó ní láti jẹ́ pé inú gbóná, á kàn lọ da gáàsì sí i lásán ni."

Láti ọdún tí Tíṣà ti ń kọ́ni, kò gbọ́ kí ẹnìkan ṣàlàyé ẹ̀ báyìí rí, òun alára kò ṣe é báyìí rí. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ọ̀rọ̀ tó ní 'bí' nínú ní àlọ, kò ní àbọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fúnra rẹ̀ dá a padà. Ẹni tó bá dá a padà nínú ìdánwò òun, bírò pupa lòun máa fi kí i.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, oòrùn ń ta bí ẹni pé wọ́n ń sanwó fún un. Onífíríìjì wọlé ti òun ti bàtà òjò ńlá aláwọ̀ ewé, ó dé orúnkún rẹ̀. Ó jókòó láìrẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Tíṣà bi í pé òjò dà.

"Kò rọ̀," ó ní. "Mo kàn wọ̀ ọ́ ni. Mi ò sì purọ́."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Kò rántí ìgbà tí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tó délé, Bàbá bi í pé kí ló dé tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí, ó ní kò sí nǹkan, ó sì mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ṣọ́ọ̀bù Onífíríìjì. Àlàyé ìṣirò ló ń lọ ṣe, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Láàárín àwọn fíríìjì tí wọ́n ti tú inú wọn síta, wọn á tẹ́ ìwé lé orí èyí tó dùbúlẹ̀, wọn á máa yanjú ìbéèrè. Ọkùnrin náà yára gbọ́ gbogbo ẹ̀, àfi ẹ̀rí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní alákàbà. O kọ́kọ́ fi hàn pé ẹsẹ̀ lè tẹ igi àkọ́kọ́ lára àkàbà. O tún fi hàn pé igi yòówù kí ẹsẹ̀ wà, ó lè gòkè sí èyí tó kàn. Ó parí, gbogbo àkàbà ti di tìrẹ, bó ti wù kó ga tó. Onífíríìjì ní òun kò gbà. Ó ní ohun tí àwọn fẹ́ fi hàn gan-an ni àwọn ń gbà tẹ́lẹ̀ yẹn, bí ẹni tó fi ilé onílé dúró yá owó ni.

"Rárá o," Tíṣà ní. "A ò sọ pé ẹ ti dókè. A kàn ń sọ pé ibi yòówù kẹ́ ẹ dé, ìgbésẹ̀ kan sí i máa ṣeé ṣe."

Ọkùnrin náà ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ó yé mi wàyí," ó ní níkẹyìn. "Bí ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀yin ṣe rí nìyẹn. Mi ò mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọjọ́ kan tí mo fi yín sílẹ̀ níbí tí mi ò fẹ́ ọjọ́ tó kàn."

Tíṣà gbìyànjú láti wá ìbéèrè kan bi í, irú èyí tó fi lé àwọn tó kù lọ, kò rí ọ̀kankan. "Má pè mí ní ẹ̀yin mọ́," ló lè sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó ní kí wọ́n fún tíṣà mìíràn ní ìwé ìdánwò Onífíríìjì, kí ó máa bá òun máàkì rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò bi í ní ìdí. Ojú ti Tíṣà, inú rẹ̀ sì dùn.

Ó wá ku Bàbá. Àbúrò Bàbá obìnrin kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ẹnu rẹ̀ mú, inú rẹ̀ sì mọ́. Ó ti gún Bàbá lábẹ́rẹ́ rí níbi tí a kì í dárúkọ láwùjọ, nítorí náà kò bẹ̀rù rẹ̀. Òun ni àwọn méjèèjì bẹ̀ kó ṣe alárenà. Àǹtí wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bàbá bi í nípa iṣẹ́ ọkùnrin náà, ó bi í nípa ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ó ti fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ọ́ láti kọ́ṣẹ́, tó tún wá ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn nígbà tí orí ti ń hu ewú, ó pòṣé. Ó ní ọ̀pọ̀ abẹ̀rẹ̀-má-parí lòun ti rí ní kóòtù.

Àǹtí kó ọ̀rọ̀ náà wá bí ó ṣe gbà á, kò bù kún un, kò bù kúrò. "Ó ní, 'Ọkùnrin tí kò bá parí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò ní fẹ́ ọmọ mi.' Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

Inú àwọn méjèèjì dùn dé góńgó. Bàbá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́! Kó parí ẹ̀kọ́, kó sì wá mú ìyàwó rẹ̀. Kí ló tún kù?

Ó kù. Onífíríìjì fìdí rẹmi nínú Dísíkíríìtì ní ọdún yẹn. Máàkì díẹ̀ ni kò pé. Ó wá sọ fún Tíṣà fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó fọ́ àwo onílé. Tíṣà kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni iyèméjì wọ inú tirẹ̀. Bó bá ń fún un ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, tí ọkùnrin náà ń mí kanlẹ̀, á máa bi ara rẹ̀ pé ṣé ìmọ̀ lòun ń wá fún un ni àbí ọkọ lòun ń wá fún ara òun. Ọjọ́ kan ni Onífíríìjì gbé bírò sílẹ̀, tó bi í pé bí òun kò bá yege láéláé ńkọ́. Tíṣà kàn ti bírò náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọdún yípo, ó yege. Ó yege nínú àwọn yòókù náà, ìkan tẹ̀lé ìkan, títí wọ́n fi gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Òun, Tíṣà àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì jọ lọ bá Bàbá ní pálọ̀. Wọ́n múra bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò.

Bàbá gba ìwé ẹ̀rí, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n fọwọ́ sí. Ó na ọwọ́, ó bọ Onífíríìjì lọ́wọ́, ó ní ó ṣe bí ọkùnrin, ó ní inú òun dùn sí i gidi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ó dá ìwé náà padà fún un. Àǹtí wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìjọ́sí ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wo?" Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo ní ẹni tí kò bá parí kò ní fẹ́ ẹ. Ó ti parí. Ǹjẹ́ mo sọ ohun tí ẹni tó bá parí máa rí gbà?"

Ọ̀rọ̀ náà yé Tíṣà kíákíá ju ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn lọ. Òun tó ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe yìí lọ́dọọdún, òun gan-an ló fi gbogbo ọkàn dá ọ̀rọ̀ tí kò ní àbọ̀ padà, tó fi kọ́lé, tó sì ń gbé inú rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ó wo Onífíríìjì. Onífíríìjì náà ń wò ó. Ká ní ilé ẹlòmíràn ni, ẹ̀rín ì bá pa wọ́n.

"Bàbá ò purọ́," Onífíríìjì ní jẹ́jẹ́. Ó tẹríba, ó ká ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì jáde.

Láti ọjọ́ náà, ilé dákẹ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Tíṣà ń gbé tíì fún bàbá rẹ̀, ó ń kí i bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló fi ń kí i. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní Onífíríìjì ní òun kò fi ipá wá, òun wà níbi tí wọ́n ti mọ òun sí. Nígbà tó yá, sùúrù tán lára Àǹtí fúnra rẹ̀, ó ní àwọn méjèèjì kì í ṣọmọdé, kí wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé níwájú adájọ́ kí ọ̀rọ̀ ó tán. Tíṣà kọ̀. Ó ní òun kò lè jáde nílé bàbá òun bí ẹni tó sá lẹ́wọ̀n. Ó sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun kò bá jáde, òun á pàdánù ẹni tí òun fẹ́ràn jù, bí òun bá sì sá jáde, òun á pàdánù ẹni tó fẹ́ràn òun ṣáájú gbogbo ayé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, oníròyìn ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, Tíṣà na ọwọ́, ó pa rédíò.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín bí wọ́n ṣe ń bi ẹlẹ́rìí. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi ní ẹ gbà? Tó bá kọ́lé ńkọ́?"

Bàbá mirí.

"Tó bá fi fíríìjì sílẹ̀, tó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga?"

Bàbá tún mirí, kò wò ó lójú.

"Ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ sílẹ̀. Tí dókítà bá wá? Tí adájọ́ bá wá, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ bá ṣiṣẹ́?"

"Rárá," Bàbá ní.

"A jẹ́ pé kì í ṣe ara rẹ̀ ni nǹkan ti kù."

Bàbá gbé ife tíì, ó tún gbé e sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, ó dúró dè é, bí Bàbá fúnra rẹ̀ ṣe máa ń dúró de ẹlẹ́rìí láyé ọjọ́un.

"Ìyá mi," ó ní, bó ṣe máa ń pè é láti kékeré nìyẹn, "mi ò fẹ́ jókòó sínú ilé yìí lémi nìkan. Mo mọ bó ṣe ń dákẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ lọ, ìwọ lo bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi dènìyàn. Bí ìwọ náà bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá jiyàn? Mo wá ọ̀rọ̀ tó gún régé bò ó mọ́lẹ̀. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n òótọ́ kọ́ ni mo sọ."

Tíṣà dìde ní àga tirẹ̀, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbínú tó ti ń gbé kiri wálẹ̀ lójú kan náà, àánú sì gba ipò rẹ̀. Ó wù ú láti ṣèlérí fún un pé òun kò ní lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Kò sọ ọ́, nítorí kì í ṣe òótọ́.

"Mo máa lọ, Bàbá," ó ní. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rán mi lọ."

Bàbá kò dáhùn lọ́jọ́ yẹn, kò sì dáhùn lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ránṣẹ́ sí Àǹtí Nọ́ọ̀sì pé kó lọ pe ọkùnrin náà wá. Tíṣà fẹ́ jókòó pẹ̀lú wọn, Bàbá ní kó lọ sínú. Ó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì tijú.

Ó gbọ́ tí Bàbá bi Onífíríìjì bóyá ọmọ òun ti sọ ìdí tí òun fi kọ̀ fún un. Onífíríìjì ní rárá, ó ní Bàbá ló lọ̀rọ̀. Bàbá bá sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀, pé ẹ̀rù ilé òfìfo ló ba òun. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́," Bàbá ní. "Fẹ́ ọmọ mi."

Onífíríìjì kò fò sókè. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á ṣọ́ra.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ní 'bí' nínú?"

Bàbá lanu. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Tíṣà mọ bàbá rẹ̀, ó mọ gbogbo ohun tó tò sórí ahọ́n rẹ̀ báyìí: bí wọ́n bá gbé nítòsí, bó bá ń wá lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, bí wọn kò bá gbàgbé òun. Ó dúró kó gbọ́ èyí tó máa kọ́kọ́ jáde. Bàbá pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Kò ní," ó ní. "Mo fi í fún ọ ni."

Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. Bàbá ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí i. Tíṣà kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ lọ dì mọ́ bàbá rẹ̀.